Eduard Bohlen: Ọkọ̀ Òkun Láàárín Aginjù
Fọ́tò. Conception Bay, etíkun Nàmíbíà

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yìí dáadáa: iyanrìn ló yí i ká, kò sí omi rárá. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1909 ni ọkọ̀ àwọn ará Jámánì yìí há nínú kùrukùru, nígbà tó ń ti ìlú Swakopmund lọ sí Cape Town. Omi ló wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn aginjù Namib kò yé kó iyanrìn wá, etíkun ń sún síwájú, títí òkun fi jìnnà sí i ní nǹkan bí 400 mítà.

Ẹni tó bá fẹ́ yà á ní fọ́tò yóò gba ìwé àṣẹ, yóò sì bá afinimọ̀nà gun òkìtì iyanrìn nínú ọkọ̀ tó lágbára. Àwọn mìíràn a máa yà á láti inú bàálù kékeré. Láti òkè ni ènìyàn ti ń rí bí aginjù ṣe gbé e mì tó.

Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ lọ́dún 1904, nígbà tí Jámánì ń bá àwọn ẹ̀yà Herero ní Nàmíbíà jagun, inú ọkọ̀ yìí gan-an ni wọ́n há àwọn Herero tí wọ́n kó nígbèkùn mọ́ ní Swakopmund. Ìyẹn kò hàn nínú fọ́tò kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má gun irin tó ti dípẹtà náà, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àwọn Herero sábẹ́ àwòrán yín.