Ṣíbí, bọ́tìnì àti bàtà: Ìtọ́jú tó ń jẹ́ kí ọmọ lè dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ ní Niamey

Ká ní ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ṣubú sínú iná igi tí wọ́n fi ń dáná nínú àgbàlá. Ojú egbò náà jinná, àmọ́ awọ ibẹ̀ sún kì, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ká kò. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àwọn ìka náà sì na padà.

Ìdílé dúpẹ́, wọ́n mú ọmọ wọn lọ sílé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ló ṣì ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, òun náà ló ń wọ aṣọ fún un. Tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì ń ṣeré, ńṣe ni ọmọ náà ń fi ọwọ́ yẹn pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù.

Oníṣẹ́ abẹ ti ṣe tirẹ̀. Kí wá ló kù? Ohun tó kù ni kí ọmọ náà kọ́ bí yóò ṣe máa lo ọwọ́ rẹ̀ nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́. Iṣẹ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé èyí gan-an ni wọ́n kọ́.

Kí ni ìtọ́jú yìí?

Occupational therapy ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ergothérapie ni àwọn tó ń sọ èdè Faransé ní Niamey mọ̀ ọ́n sí.

'Occupation' tó wà nínú orúkọ náà ju iṣẹ́ oṣù lọ. Ó dúró fún gbogbo nǹkan tí èèyàn ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Fún àgbà, ó lè jẹ́ ọjà títà tàbí oúnjẹ sísè. Fún ọmọdé, ó jẹ́ jíjẹun, wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, lílọ sí ilé ìyàgbẹ́, eré ṣíṣe àti ẹ̀kọ́ kíkọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ physiotherapy, tó ń wo bí iṣan àti oríkèé ara ṣe ń ṣiṣẹ́: ṣé ọmọ lè dìde, ṣé ó lè rìn? Ìbéèrè tí occupational therapy ń béèrè yàtọ̀ díẹ̀: kí ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe lónìí tí kò lè ṣe, kí sì ni a lè yí padà kó lè ṣe é?

Ọdún 1917 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó ń rí sí iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọdún 1952, wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn káàkiri àgbáyé sílẹ̀, ìyẹn World Federation of Occupational Therapists.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì ní Niamey?

Nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn tó ń gbé ní Niger ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Orílẹ̀-èdè náà tún wà lára àwọn tí àrùn yírunyírun ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Senegal títí dé Ethiopia. Ọmọ tó bá la àrùn náà já lè má gbọ́ràn dáadáa mọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè má ní agbára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ibà tó wọ ọpọlọ, ibà pọ́njú tó le lára ọmọ ìkókó, àti kí ọmọ má rí afẹ́fẹ́ mí lásìkò ìbí náà lè pa ọpọlọ lára. Ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nígbà míì ni cerebral palsy, tí ara ọmọ yóò le gbagidi tàbí kó rọ̀ jù, tí kò sì ní lè darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ran èèyàn.

Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2021 pé àwọn ọmọdé tó ní ìpèníjà ara káàkiri àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 240.

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣètọ́jú wà ní Niamey. Ilé ìwòsàn ọmọdé CURE, tí wọ́n ṣí níbẹ̀ lọ́dún 2010, ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́, àwọn tí ètè wọn là, àti àwọn tí iná jó tí ara wọn ká kò. Ilé ìwòsàn Hôpital National de Niamey náà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti irin tí wọ́n fi ń ti ẹsẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí àjọ Red Cross àgbáyé, ICRC, ti ṣe ìrànwọ́ fún.

Àmọ́ iṣẹ́ abẹ kì í gbà ju wákàtí mélòó kan lọ. Àpá iná lè máa sún kì fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọn ò bá máa na ọwọ́ náà, tí wọn ò sì de ike tàbí pákó tí wọ́n fún ọmọ mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe, ìka lè ká padà. Owó á ṣòfò, ọmọ á sì tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ?

Ohun àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ ìtọ́jú yìí máa ń ṣe ni kó wo ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ṣòkòtò wíwọ̀ bí àpẹẹrẹ. Lójú àgbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Lójú oníṣẹ́ yìí, ó pín sí ọ̀nà bíi mẹ́fà: kí ọmọ jókòó, kó di ẹnu ṣòkòtò mú, kó ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, kó ti ìkejì bọ̀ ọ́, kó dìde, kó wá fà á dé ìbàdí.

Ìparí ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọ. Ìyá á wọ̀ ọ́ fún un títí dé itan, ọmọ á wá fà á dé ìbàdí fúnra rẹ̀. Tí èyí bá ti mọ́ ọn lára, ìyá á dúró ní orúnkún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ á fi lè ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí ni pé ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń rí i pé òun ló parí iṣẹ́ náà. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rẹ̀ tí kò lè parí máa ń tètè sú.

Tí apá kan bá rọ tàbí tó le, ẹ rántí òfin kékeré yìí: tí ẹ bá ń wọ ẹ̀wù, apá tó ní ìṣòro ni kó kọ́kọ́ wọlé. Tí ẹ bá ń bọ́ ọ, apá tó dára ni kó kọ́kọ́ jáde.

Oúnjẹ: Ibi tí ewu wà

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbé ọmọ tó ní cerebral palsy dùbúlẹ̀ sí itan, tí wọ́n á wá da ẹ̀kọ tàbí fùrá sí i lẹ́nu. Ewu ńlá ni. Tí orí bá dà sẹ́yìn, oúnjẹ lè gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ lè máa wúkọ́ lójoojúmọ́, ó sì lè ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró léraléra.

Ohun tó dára ni kí ọmọ jókòó tààrà, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí ibi tẹ̀. Kí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ jókòó síwájú rẹ̀, kí ojú wọn ṣe déédéé. Ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró kó gbé e mì kí ẹ tó fún un ní òmíràn.

Tí kò bá lè di ṣíbí mú, ẹ lè wé aṣọ tàbí fóòmù mọ́ ọwọ́ ṣíbí náà kó tóbi. Ọwọ́ tí kò lágbára máa ń di ohun tó tóbi mú ju ohun tínínrín lọ.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni kò ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ní Niamey, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, àwo kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jọ jẹ. Ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí àwo lè gba ìbáwí, wọ́n sì lè gbé oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Oníṣẹ́ ìtọ́jú tó mọṣẹ́ kò ní fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, torí ìjókòó ti àwo ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ọmọ ilé lòun. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣì lè kọ́ṣẹ́, wọ́n á fi sùúrù kọ́ ọ. Tí kò bá lè ṣe é rárá, wọ́n á bá ìdílé sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù pàápàá gbà pé ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè lo ọwọ́ ọ̀tún lè fi òsì jẹun. Bí bàbá àgbà bá sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àga láti ara páálí

Àga tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò lè jókòó wọ́n gan-an lọ́jà. Kẹ̀kẹ́ aláìlera náà sì máa ń rì sínú yanrìn tó kún ọ̀pọ̀ àdúgbò Niamey.

Ní Zimbabwe, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Bevill Packer fi han àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi páálí àti bébà àtijọ́ ṣe àga tó lágbára. Wọ́n á to páálí léra, wọ́n á fi ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi gbígbóná pò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi le bíi pákó, wọ́n á wá kùn ún kí omi má bà á jẹ́. Oòrùn kò sì wọ́n ní Niamey.

Ohun míì tí kò náwó ni ọmọ pípọ̀n. Bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ní cerebral palsy bá máa ń le, tí wọ́n sì máa ń gbára wọn, ẹ̀yìn ìyá máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì yà sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ. Àmọ́ bí ọmọ bá ti ń dàgbà, ẹ̀yìn ìyá náà nílò ìsinmi.

Ìdílé náà nílò ìtọ́jú

Oníṣẹ́ ìtọ́jú lè rí ọmọ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Àwọn ará ilé ló wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ṣe ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn tó ń tọ́ ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ falẹ̀. Ìpàdé mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á sì bẹ ilé wọn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní Ghana, wọ́n lo ètò míì tó ń jẹ́ 'Getting to Know Cerebral Palsy', èyí tí wọ́n gbé ka iṣẹ́ àwọn kan ní South Africa. Àwọn òbí á pàdé ní àdúgbò wọn, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ, bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ àti bí wọ́n ṣe ń bá a ṣeré. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń gbà pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, àfi ìgbà tí wọ́n bá bá ìyá míì pàdé.

Fún Yorùbá tó ń ṣòwò ní Niamey, ìyá àti ẹ̀gbọ́n tó yẹ kó gba ọmọ lọ́wọ́ wọn lè wà nílé ní Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, Hausa tàbí Zarma dáadáa, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ ní kí wọ́n fi bí ẹ ó ṣe ṣe é hàn yín, kí ẹ sì ṣe é lójú wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Níbo ni àwọn oníṣẹ́ náà wà?

Wọn ò pọ̀. WHO sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan tí kò lówó lọ́wọ́, gbogbo oníṣẹ́ ìtọ́jú tó ń mú ara padà bọ̀ sípò kò tó mẹ́wàá láàárín mílíọ̀nù èèyàn kan.

Ní Nàìjíríà, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oshodi nílùú Èkó, àti ní Fásitì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀. Niger fọwọ́ sí àdéhùn Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera ní 2008, Nàìjíríà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2010. Abala 26 àdéhùn náà ní kí ìjọba pèsè irú ìtọ́jú yìí, kó sì sún mọ́ ibi tí àwọn èèyàn ń gbé.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ rí dókítà?

Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ọmọ yóò 'dàgbà kúrò nínú rẹ̀' bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì yìí:

- Kò lè gbé ọrùn dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́rin
- Kò lè dá jókòó nígbà tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án
- Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò ṣáájú kó tó pé ọdún kan
- Kò lè rìn nígbà tó bá pé oṣù méjìdínlógún
- Ó ń wúkọ́ tàbí kí nǹkan há a lọ́fun ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun
- Ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, kò lè ṣe é mọ́

Bí iná bá sì ti jó ọmọ rí, tí ẹ rí i pé oríkèé kan kò na tán mọ́, ẹ tètè mú un padà lọ sí ilé ìwòsàn.

Lọ́la, kí ẹ tó wọ bàtà fún ọmọ yín, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ bá a wọ̀ ọ́ dé ìdajì, kó wá ti gìgísẹ̀ rẹ̀ bọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀.