Kọ̀ǹpútà Tó Ń Mí, Tí Kò Lajú

Fáànù mẹ́ta ló ń yí nínú kọ̀ǹpútà náà, iná pupa àti búlúù ń lé ara wọn kiri lára wọn, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọkùnrin tó ni ín káwọ́ lérí. "Ẹ wò ó, sà," ló wí fún ọ̀gá tó jókòó, "ó ń mí. Kò kàn fẹ́ lajú ni."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn Èkó kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ni mo wọ̀ láti Marina, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Inú rẹ̀ tutù nini. Mile 2 ló parí ìrìn sí, bí mo sì ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni ooru gbá mi lójú, tòun ti èéfín àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó tò gbọọrọ, eruku títì Badagry, àti ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ti há: "Festac, First Gate! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ní First Gate, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sì forí lé 23 Road.

Àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni ìjọba kọ́ àwọn ilé Festac yìí fún. Àlejò ti lọ tipẹ́. Nọ́ńbà ló ṣẹ́kù: Avenue báyìí, Road báyìí, Close báyìí, àfi bí ìwé ìṣirò. Ilé tí wọ́n kọ́ fún gbígbé nìkan ti ya ẹnu sí títì, ẹni tó ń gẹrun jókòó ti ẹni tó ń ta oògùn, ẹni tó ń rán aṣọ fẹ̀yìn ti ẹni tó ń ta káàdì fóònù. Ara ọgbà irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ni wọ́n ti gé ṣọ́ọ̀bù tí mo ń lọ. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, èéfín èédú rẹ̀ ń wọlé, òórùn òjé yíyọ́ ń jáde, àwọn méjèèjì sì pàdé ní ìlòro.

Yàrá náà kò fẹ̀ ju mọ́tò méjì lọ. Ènìyàn mẹ́ta ló ti tò sórí bẹ́ǹṣì ṣáájú mi: akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìdè ìdérí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti já, ìyá àgbà kan tó di fóònù rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, àti ọmọkùnrin yìí, tó gbé kéèsì dúdú ńlá kan lé orí itan bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Gbogbo wọn ń pe ọ̀gá náà ní Ẹnjiníà. Ẹni àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, tẹlifíṣọ̀n ló ní òun kọ́kọ́ ń tún ṣe ní Alaba kí òun tó kọjú sí kọ̀ǹpútà. Lára ìṣó kan lẹ́yìn orí rẹ̀, àwọn wáyà kúkúrú kan so rọ̀, ẹnu wọn ti yọ́, òmíràn ti dúdú. Mo rò pé pàǹtí tí kò tíì rójú dà nù ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà kò pẹ́ sọ. Ó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó fún àwọn ènìyàn. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò lè gbé iṣẹ́ mọ́, nítorí náà ó ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, bọ́ọ̀dù lónìí, RAM lóṣù tó tẹ̀lé e, títí gbogbo rẹ̀ fi pé. Ó to ó fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń tẹ̀ ẹ́, kò rí àwòrán kankan. Aládùúgbò rẹ̀ kan ti sọ fún un pé káàdì gíráfíìsì rẹ̀ ti kú, kó lọ ra òmíràn. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja ní Agboju, sì ti ń bá olórí àjọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kó kó tirẹ̀ ṣáájú. Gbólóhùn yẹn dùn mí wọra. Mo ń wo ojú mọ́nítọ̀ dúdú yẹn, mo sì ń rí owó ẹja.

"Ta ló sọ pé ó ti kú?" Ẹnjiníà béèrè. "Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Rárá, sà."

Ó dìde, ó yí kéèsì náà sẹ́yìn. Wáyà HDMI wà lókè, nínú ojúhò ara bọ́ọ̀dù, kì í ṣe nínú èyí tó wà nísàlẹ̀, lára káàdì.

"Àbúrò, kí ló dé tó o fi í síbí?"

"Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, sà."

Ryzen 5 3600 ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà. Kò ní ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀. Ká ní èyí tí lẹ́tà G parí orúkọ rẹ̀ ni, bíi 5600G, ojúhò òkè yẹn ì bá ṣiṣẹ́. Ní ti Intel, àwọn tí lẹ́tà F parí orúkọ wọn ni kò ní. Ẹnjiníà fa wáyà náà yọ, ó kì í bọ ara káàdì. Ó yọ mọ́nítọ̀ ọmọkùnrin náà, ó gbé mọ́nítọ̀ àtijọ́ tirẹ̀ kan síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà mìíràn, èyí tó ní òun mọ̀ pé kì í parọ́. Ó tẹ bọ́tìnì. Òkùnkùn náà ni.

Ó pè mí kí n súnmọ́ ọn. Ní etí bọ́ọ̀dù, iná tíńtìntín mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Èkínní tàn, ó kú. Èkejì tàn, ó kú. Ẹ̀kẹta tàn, kò kú mọ́. Ọpọlọ dáa, RAM dáa, káàdì ni bọ́ọ̀dù ń wá tí kò rí. Ẹnjiníà ní lára àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí kò ní irú iná yìí, ariwo ni ènìyàn máa ń gbọ́, ó sì fi ẹnu ṣe é: gígùn kan, kúkúrú méjì, "Fèèèè, fè, fè." Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí ó ṣe fẹ́ tú súkúrú àkọ́kọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Fáànù òkè dúró. Láàárín ìṣẹ́jú kan, òógùn ti bọ́ sí mi lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lójú títì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn jẹnẹrétọ̀, ọ̀kan ń wúkọ́, òmíràn ń hó, títí tí a fi ní láti máa pariwo kí a tó gbọ́ ara wa. Ẹnjiníà kò tan tirẹ̀. Ó ní iná kò gbọ́dọ̀ sí nínú ohun tí ènìyàn fẹ́ tú lọ́nàkọnà. Ó fa wáyà ògiri yọ, ó tẹ bọ́tìnì kéèsì náà pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó kù nínú rẹ̀ lè tán, ó fọwọ́ kan irin kéèsì, ó wá gbé tọ́ọ̀ṣì.

Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bọ́ sórí wáyà tó ń gbé iná wọ káàdì. Ó dákẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi imú gbóòórùn. Èmi náà fi imú mi síbẹ̀. Òórùn rọ́bà tó fẹ́ jóná ni, ó rẹlẹ̀, ó sì korò. Ṣóńṣó rọ́bà funfun kan ti di aláwọ̀ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí eyín amutábà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọni lára. Káàdì RX 580 ni. Wáàtì 185 ni iná tó ń jẹ. Ojúhò tó fi jókòó sórí bọ́ọ̀dù kò lè fún un ju 75 lọ, ó gbọ́dọ̀ gba ìyókù láti páwà páàkì, nípasẹ̀ wáyà oníhò mẹ́jọ tó lè gbé 150. Ọmọkùnrin náà kò lò ó. Ó ra wáyà ayípadà kan lọ́jà, tó ń fa iná láti ẹnu SATA tí wọ́n ṣe fún díìsìkì. Ẹnu SATA kan kò yẹ kó gbé ju wáàtì 54 lọ. Káàdì tí iná kò tó kì í jí. Bí ó bá sì jí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wáyà náà lè gbiná.

"Kí ló dé tó ò lo ti páwà páàkì?"

"Kò bá a mu, sà. Ihò mẹ́fà ni ti wáyà yẹn, mẹ́jọ ni ti káàdì."

"Gbé e wá."

Ó wà nínú ọ̀rá, ó ṣì ní okùn tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́. Ẹnjiníà tú u. Ihò mẹ́fà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò méjì mìíràn so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń mì dirodiro. Ó fi àtàǹpàkò tẹ méjì mọ́ mẹ́fà, wọ́n di mẹ́jọ. Ọmọkùnrin náà wò ó, kò lè sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí: bí wọ́n ṣe pín in sí méjì yẹn, kí ó lè bá káàdì kékeré àti ńlá mu, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Ẹnjiníà fi kún un pé bí ó bá pàdánù wáyà yẹn, kò gbọ́dọ̀ yá ti páwà páàkì mìíràn, nítorí ẹnu lè jọra kí iná inú rẹ̀ má jọra.

Kó tó kì í bọ̀ ọ́, ó yọ káàdì náà látòkè délẹ̀. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ní etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí eyín aláwọ̀ wúrà tò sí, apá kan ń dán, apá kejì ṣú. Apá tó ṣú yẹn kò tíì wọlé dáadáa rí: irin ẹ̀yìn káàdì ti tẹ̀, ó ń gbé ìdí rẹ̀ sókè lórí bọ́ọ̀dù, ìwọ̀nba bí èékánná ọmọ ìkókó. Ó fi púláyà tẹ irin náà padà. Ó mú rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, ó rọra fi nu àwọn eyín náà, ó sì fi sípírítì nù ún tẹ̀lé e. Afẹ́fẹ́ Festac ní omi nínú, odò kò jìnnà sí wa. Lẹ́yìn náà ló fi ìka méjì tẹ káàdì wọlé. Mo gbọ́ ọ kedere, láàárín gbogbo ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn: kọ́! Àgádágodo kékeré ìdí ojúhò ti mú un.

"Ṣé o gbọ́ ìyẹn nígbà tí o tò ó?"

"Rárá, sà."

"Ọ́pù NÉPÀ!" Àwọn ọmọ ojú títì ló pariwo. Ẹnjiníà ní ká dúró díẹ̀, kí iná náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, kó má lọ jó nǹkan. A dúró. Ìyá àgbà ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu, bóyá fún fóònù rẹ̀ ni, bóyá fún gbogbo wa.

Ó tẹ bọ́tìnì. CPU. DRAM. VGA tàn, ó pẹ́, ọmọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú láìmọ̀. Iná náà kú. Mọ́nítọ̀ ta pàrà, àmì ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀dù yọ sójú rẹ̀, funfun lórí dúdú.

Kò tíì parí. Nígbà tí Windows wọlé, àwòrán náà tóbi wúruwùru, lẹ́tà rẹ̀ kò sì tẹ́jú. Ètò tí ilé iṣẹ́ AMD ṣe fún káàdì náà kọ̀ láti mú un. "Tokunbo ni?" Tokunbo ni. Ẹnjiníà mi orí. Títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, irú káàdì yìí ni àwọn ènìyàn fi ń wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ethereum tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ yẹn ni Ethereum yí ìlànà rẹ̀ padà, iṣẹ́ náà kásẹ̀ ńlẹ̀, káàdì sì ya wọ ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn tó lò wọ́n ti tún BIOS inú wọn, ìyẹn ìtọ́ni tó ń jí káàdì, kọ kó lè yára. Ètò AMD kò gba irú BIOS bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì kan ní BIOS méjì. Ó pa á, ó fi ṣóńṣó súkúrúdíráfà ti súwíìṣì kan tí kò tóbi ju ìrẹsì lọ ní etí òkè káàdì sí apá kejì, ó tún un tàn.

Ètò náà wọlé. Ojú mọ́nítọ̀ ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó tún là, gbogbo lẹ́tà sì tẹ́jú. Ọmọkùnrin náà ki filáṣì bọ ara rẹ̀, ó ṣí fídíò ìyàwó kan tó ń jó wọlé, gèlè pupa, owó ń já bọ́. Kò dúró, kò fà. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ má gba àjọ yẹn mọ́." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ariwo.

Ẹnjiníà ti gbé fóònù ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n kó tó tú u, ó mú wáyà ayípadà tó ti fẹ́ yọ́ yẹn, ó fi púláyà gé e sí méjì, ó sì fi ẹnu rẹ̀ kọ́ sára ìṣó ẹ̀yìn orí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo kà wọ́n. Pẹ̀lú èyí, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá.