Orin àwọn ọmọbìnrin Natitingou ní etí àwọn ará Parakou

Ní ilé ìránṣọ kan lẹ́bàá ọjà Arzèkè ní Parakou, orin kì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọ̀gá tó ni ilé náà a máa fi tẹlifóònù rẹ̀ sínú abọ́ onírin kan kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin a sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Ní ọjọ́ kan, orin kan dún, gìtá àti ìlù ń sáré, àwọn ọmọbìnrin ń fi ohùn kan gbé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó béèrè orúkọ orin náà. Ẹni tó gbọ́ Faransé nínú wọn wo ojú tẹlifóònù, ó kà á: Le mariage forcé. Ìyẹn ni ìgbéyàwó tipátipá.

Star Feminine Band ni orúkọ ẹgbẹ́ tó kọ orin náà. Ọmọbìnrin méje láti Natitingou, ní agbègbè Atacora, ni wọ́n. In Paris ni orúkọ àwo orin náà. Òun ni èkejì tí wọ́n ṣe, ọdún 2022 ló jáde.

Ìtàn ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Olórin kan tí ń jẹ́ André Baleguemon ṣe ìkéde lórí rédíò ní Natitingou pé òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan gìtá rí ló jẹ́ ìpè náà. Ó kọ́ wọn ní gìtá, ó kọ́ wọn ní dùùrù oníná, ó sì fi wọ́n jókòó sí ìdí ìlù òyìnbó, níbi tí a kì í sábà rí obìnrin lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Born Bad Records ti ilẹ̀ Faransé gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Nígbà náà, ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó dàgbà jù kò tíì pé ọdún 18. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n ṣeré ní ìlú Rennes, níbi àjọ̀dún orin Trans Musicales.

Orin wọn jẹ́ àdàlù. Ìró ijó Atacora wà nínú rẹ̀. Èdè Waama, èdè Ditammari àti èdè Bàrìbá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Faransé. Ṣùgbọ́n gìtá oníná ló ń fà á lọ, bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe nínú orin tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì.

Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Parakou. Àwọn àgbà ìlú yìí kò gbàgbé Super Borgou, ẹgbẹ́ tí Moussa Mama jẹ́ olórí rẹ̀, tó fi gìtá oníná gbé orin ilẹ̀ Bàrìbá ga. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì kó lára orin tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1970 sí 1976 jọ sínú àwo kan. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé gìtá wá sí Parakou, àwọn etí kan wà níhìn-ín tí yóò dá a lẹ́jọ́.

Bàbá kan tí ń tún rédíò ṣe ní Zongo wà lára wọn. Ó gbọ́ àwo méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní gìtá àwọn ọmọ náà ń kánjú. Ní ayé Moussa Mama, gìtá a máa sọ̀rọ̀, a sì máa dákẹ́ kí olórin lè mí. Ti àkọ́kọ́ ló sì wù ú jù. Natitingou ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ó ní òun ń gbọ́ afẹ́fẹ́ àgbàlá nínú rẹ̀, bí ẹni pé àwọn ọmọ náà ń ṣeré ní ẹ̀yìn ilé ẹni. Paris ni wọ́n ti gba èkejì sílẹ̀. Ó mọ́, ohun gbogbo dúró sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ọmọ tí wọ́n fi epo pa, tí wọ́n wọ bàtà fún, tí wọ́n ní kó má ṣeré mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, àwọn ọmọ náà ti dàgbà láàrin àwo kan sí èkejì, ó sì yẹ kí orin wọn dàgbà. Ìlù wọn kò yẹsẹ̀ mọ́. Ẹni tí ń gbé ohùn mọ ibi tí yóò gbé e dé. Àwọn bàbá méjèèjì jiyàn títí tí rédíò oníbàárà fi wà lórí tábìlì láìtúnṣe. Òtítọ́ wà lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni kejì gbọ́ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà ti ṣe, èyí kò sì kéré.

Ní òkè òkun, àwọn oníròyìn kọ̀wé púpọ̀ nípa wọn, ìyìn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìyìn náà tó yẹ kí a kíyè sí. Ọjọ́ orí wọn àti jíjẹ́ obìnrin wọn ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sọ, bí ìgbà tí a bá rí ọmọ kékeré tó gbé ẹrù ńlá. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn lè jó sí orin wọn láìmọ ẹrù tí wọ́n gbé.

Ní Parakou, ẹrù náà gan-an ni àwọn ènìyàn ń sọ. Yàtọ̀ sí orin ìgbéyàwó tipátipá, orin mìíràn wà nínú àwo kejì tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ L'excision, èyíinì ni dídábẹ́ fún ọmọbìnrin. Níbi tí àwọn awakọ̀ zémidjan ti ń mu tíì ní Banikanni, ọkùnrin kan sọ pé ọmọdé kò yẹ kó mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí gbangba. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ó ní, àgbà ló sì ni ín. Ẹlòmíràn bi í léèrè pé, ara ta ni abẹ náà ń gé, ti àgbà ni tàbí ti ọmọ? Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin àkọ́kọ́ mu tíì rẹ̀ tán, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2003 ka dídábẹ́ fún obìnrin léèwọ̀. Ẹni tó dá a àti ẹni tó ràn án lọ́wọ́ lè lọ sẹ́wọ̀n. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 ní kí ọkùnrin àti obìnrin pé ọmọ ọdún 18 kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, kí àwọn méjèèjì sì fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni òfin wà, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Orin a máa wọ ilé tí ìwé kò wọ̀. Ìdí nìyí tí àkọlé Faransé méjì yẹn fi ń dun àwọn obìnrin kan. Ìyá kan tí ń ta ìpara àti ọṣẹ ní Arzèkè ní kí ọmọ òun túmọ̀ orin náà fún òun. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó ní ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ jù ni ìyá ọkọ òun tó ti kú, obìnrin náà kò sì gbọ́ Faransé títí ó fi lọ.

Ní ilé ìránṣọ, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó béèrè orúkọ orin náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ku ọdún méjì kó tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan sì ti gbé obì wá fún bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá náà wá san owó ìkọ́ṣẹ́. Orin náà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Ọ̀gá kí i káàbọ̀, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dín ohùn tẹlifóònù kù. Bàbá náà dúró, ó fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì béèrè ọmọ ẹni tó ń kọrin. Wọ́n ní àwọn ọmọ Natitingou ni, wọ́n sì ti fi orin náà dé ilẹ̀ Faransé. Ó béèrè bóyá àwọn bàbá wọn yọ̀ǹda. Ọ̀gá fèsì pé, Bàbá, tí wọn kò bá yọ̀ǹda, ṣé àwọn ọmọ náà yóò dé ibẹ̀?

Bàbá mi orí. Ó ní wọ́n mọ ìlù lù. Ó ka owó oṣù náà sílẹ̀, ó gba gbèǹdéke, ó sì lọ. Kò sọ̀rọ̀ obì. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ.