Wọ́n Ní Ọkùnrin Ni! Ohun Tójú Genoveva Rí Nídìí Bọ́ọ̀lù

Wọ́n ní kó bọ́ṣọ. Gbogbo rẹ̀ pátá, kó wà níhòòhò ọmọlúàbí, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i bóyá obìnrin ni àbí ọkùnrin. Kì í ṣe pé ó jalè, kì í ṣe pé ó pààyàn. Bọ́ọ̀lù ló gbá, ó sì gbá a dáadáa ju bí àwọn kan ṣe fẹ́ lọ. Wọn ò mú un lọ sílé ìwòsàn o. Ojú àwọn aláṣẹ CAF, àjọ tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Áfíríkà, àti ojú àwọn èèyàn tíìmù tirẹ̀ ló ti bọ́ṣọ ọ̀hún, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún BBC lọ́dún 2015. Ó ní òun sunkún, ìtìjú sì bá òun gidi.

Genoveva Añonma lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2008 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa gbé e sọ sókè, ìgbà náà ni wọ́n ń tú u láṣọ.

Equatorial Guinea lorílẹ̀-èdè náà. Àwọn àgbà inú òǹkàwé á ti mọ ibẹ̀ dáadáa bí wọ́n bá gbọ́ Fernando Po. Erékùṣù tí àwọn ọmọ Nàìjíríà, pàápàá àwọn ará ìlà-oòrùn, máa ń lọ ṣe lébìrà lóko kòkó nìyẹn, tójú wọn sì rí màbo, títí ìjọba Nàìjíríà fi lọ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wálé ní 1976. Bioko ni wọ́n ń pe erékùṣù náà báyìí, orí rẹ̀ sì ni ìlú Malabo wà. Ìlú Bata wà lórí ilẹ̀ ńlá lódìkejì omi. Àwọn ará Sípéènì ló ń ṣèjọba lé wọn lórí kí wọ́n tó gbòmìnira lọ́jọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún 1968. Epo rọ̀bì wà níbẹ̀ o, àmọ́ wọn ò pọ̀. Gbogbo wọn, tọmọdé tàgbà, ò tó mílíọ̀nù méjì. Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn wá s'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ará Èkó ò ní mọ̀ pé àlejò dé.

Nàìjíríà ńkọ́? Láti 1991 tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2006, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ṣe é, ẹ̀ẹ̀meje náà ni Nàìjíríà sì gbé ife lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dà bí ogún bàbá Super Falcons. Ló bá di 2008 tí Equatorial Guinea gbàlejò ìdíje ọ̀hún. Nígbà tó ku ìpele kan kí wọ́n gbá àṣekágbá, wọ́n pàdé Nàìjíríà, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo lé e kúrò lọ́nà. Lọ́jọ́ 29, oṣù kọkànlá, wọ́n na Gúúsù Áfíríkà ní 2-1 ní Malabo. Bí orílẹ̀-èdè tín-ín-rín yìí ṣe gbé ife nìyẹn. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè mìíràn, yàtọ̀ sí Nàìjíríà, tó gbé e rí kó tó di ọjọ́ náà. Àfi ìgbà tó di 2022 tí Gúúsù Áfíríkà gba tiwọn ni ẹlòmíì tó tún bá wọn dé ibẹ̀.

Ariwo bá gbòde. Wọ́n ní àwọn kan nínú wọn kì í ṣobìnrin. Kì í sì í ṣe àwọn tó jókòó sídìí ẹmu nìkan ló ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn Nàìjíríà sọ ọ́, àwọn ará Gánà sọ ọ́. Añonma ní ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń bá òun jà kò ju pé òun yára, òun sì lágbára lọ. Ẹ̀rí wo nìyẹn? Ọmọbìnrin tó ń sáré kiri pápá láti kékeré, ṣé bí aboyún ló yẹ kó máa rìn ni? Nígbà tí Perpetua Nkwocha ti Nàìjíríà ń rọ̀jò góòlù lé àwọn èèyàn lórí, ijó ni wọ́n ń jó nílé. Kò sẹ́ni tó ní kó wá bọ́ṣọ.

Lọ́dún 2010, ìdíje náà wáyé ní Gúúsù Áfíríkà, Nàìjíríà gba ife rẹ̀ padà, ó na Equatorial Guinea ní 4-2 nínú àṣekágbá. Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Rárá o! Àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ sí ìdíje àgbáyé ní Jámánì lọ́dún 2011, ariwo yẹn sì tún le sí i. Nígbà tí Equatorial Guinea kó orúkọ jáde, wọ́n yọ ọmọ ìyá méjì kan tí ẹnu àwọn èèyàn ti ń kùn sí lára sílẹ̀. FIFA náà gbé òfin jáde lọ́dún yẹn lórí bí wọ́n á ṣe máa yẹ agbábọ́ọ̀lù wò bí iyèméjì bá wà. Ní ti Añonma, orúkọ rẹ̀ jáde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó bọ́ sórí pápá.

Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ò kọ orílẹ̀-èdè kékeré. Nọ́wè tó ti gba ife àgbáyé rí, góòlù kan péré ló rí gbá wọlé wọn, ó sì ti kù díẹ̀ kí eré parí. Ọjọ́ kẹta, oṣù keje, wọ́n pàdé Ọsirélíà ní ìlú Bochum. Ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn rí àrà! Bọ́ọ̀lù Ọsirélíà lu òpó, ó ta padà, ni Bruna tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Equatorial Guinea bá fọwọ́ méjèèjì hán an bí ẹni tó ń hán ọsàn. Ó dì í mú díẹ̀, ó tún jù ú sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ń retí fèrè. Rẹfirí, obìnrin ará Hungary, ò rí i. Àwọn ará Ọsirélíà pariwo títí, ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni Añonma gbá góòlù kan wọlé, eré sì di 1-1. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú méje kí àkókò pé, ó tún gbá ìkejì wọlé. Àmọ́ Ọsirélíà ti ní mẹ́ta, 3-2 ni wọ́n fi na wọ́n. Bùràsíl wá fi 3-0 sin wọ́n sọ́nà ilé. Góòlù méjì péré ni orílẹ̀-èdè náà mú bọ̀ láti Jámánì. Ẹsẹ̀ Añonma lo méjèèjì ti jáde.

Kò sì bá wọn padà sílé lọ jókòó. Jámánì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ó wọ ẹgbẹ́ Turbine Potsdam, wọ́n gba líìgì 2011 sí 2012, òun ló sì gbá góòlù jù nínú gbogbo líìgì náà: 22! Lọ́dún 2012 yìí kan náà, Equatorial Guinea tún gbàlejò ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n lu Gúúsù Áfíríkà ní 4-0 nínú àṣekágbá. Ipò kẹrin ni Nàìjíríà ṣe. CAF sì mú Añonma ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ ní Áfíríkà. CAF ọjọ́sí náà ni o.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọwọ́ àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Equatorial Guinea mọ́. Wọ́n lẹ́bi, ẹ̀bi wọn ò sì kéré. Ibi tí àwọn èèyàn ń wò nìkan ni kò sí níbẹ̀. Abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń wò, inú pásípọ́ọ̀tù lọ̀rọ̀ wà.

Òfin FIFA ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó so ó mọ́ ibẹ̀: wọ́n bí i síbẹ̀, tàbí bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ tàbí àwọn òbí wọn jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí kó ti gbé ibẹ̀ pẹ́ dáadáa. Equatorial Guinea ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí obìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá níbòmíì, wọ́n á wá a kàn, wọ́n á fún un níwèé. Ọ̀pọ̀ ló ti Bùràsíl wá. Àwọn mìíràn wá láti ilẹ̀ Áfíríkà níbí, kódà Gloria Chinasa tó ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú fún wọn, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí. Owó epo ń ṣiṣẹ́, ife ń wọlé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ṣí ìwé wò.

Ọjọ́ náà dé. Lọ́dún 2016, CAF yọ wọ́n nínú ìdíje Áfíríkà lórí agbábọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó gbá fún wọn, Mali ló gbapò wọn. FIFA náà lé wọn kúrò nínú bọ́ọ̀lù obìnrin Olíńpíìkì 2020. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, FIFA tún ní wọn ò gbọ́dọ̀ dé ìdíje àgbáyé 2019, torí agbábọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà Olíńpíìkì 2016, ayédèrú ìwé sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mẹ́wàá o! Ó ku ẹyọ kan kó pé odindi tíìmù.

Ta ló wá jìyà? Àwọn ọmọbìnrin Malabo àti Bata tí wọ́n bí sílé, tí kò ní pásípọ́ọ̀tù méjì, tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù nínú iyẹ̀pẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí ife ń wọlé, àlejò ló wà nípò wọn. Nígbà tí ìyà dé, àwọn ló bá a nílé.

Lọ́dún 2018, wọ́n lọ sí Gánà fún ìdíje Áfíríkà. Gúúsù Áfíríkà fi 7-1 nà wọ́n, Sáńbíà fi 5-0 nà wọ́n, Nàìjíríà wá fi 6-0 kádìí rẹ̀. Góòlù 18 nínú eré mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó pariwo ọkùnrin lọ́dún náà.

Añonma sọ fún BBC pé ohun tí wọ́n fojú òun rí ní 2008 jẹ́ ẹ̀tẹ́ gidi, ṣùgbọ́n bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, òun ti gbé e kúrò lọ́kàn.