Ihò Márùn-ún Nìkan Kò Tó

Ẹni tó bá ń wa bọ́ọ̀sì àtijọ́ ní Olúpọ̀nnà mọ ohun tí kòtò lè fi ojú rímù rí. Ẹrù gàrí wà lẹ́yìn, èrò kún inú, ọkọ̀ forí lé Ìwó tàbí Ìbàdàn. Kòtò kan péré tó, etí rímù ti ká. Bí awakọ̀ bá wá dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àràròmí, ní Géètì n'Ìbàdàn, rímù Mẹ̀sí lè wọ̀ ọ́ lójú: ó ń dán, kò wọ́, ihò márùn-ún ló sì ní bíi ti bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ méjì pàtó. Bọ́ọ̀sì náà ni Volkswagen T4, tí wọ́n ṣe láti 1990 sí 2003. Rímù náà wá láti ara Mercedes C-Class àkọ́kọ́, W202. Bí ẹ bá fa ìlà róbótó gba àárín ihò márààrún, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 112 lára àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí fọkanáísà fi lè sọ pé ó wọlé. Òótọ́ ni, ihò bá ihò mu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ẹ wo ihò ńlá tó wà láàárín. Húbù T4 ní ètè róbótó kan tó yọ síta, mìlímítà 57.1 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ihò àárín rímù Mẹ̀sí jẹ́ 66.6. Ètè yẹn ló ń mú kí táyà jókòó sí àárín gan-an. Bí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ yí i ká, táyà lè yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á sì máa gbọ̀n tí eré bá ti ga. Báláǹsì kò lè wò ó sàn, torí ẹ̀rọ fọkanáísà ń di rímù mú ní àárín tirẹ̀, kì í ṣe ní àárín húbù ọkọ̀ yín. Òrùka tó wọ àyè náà géẹ́ ni oògùn rẹ̀.

Lójú tèmi, bóòtì ni ewu ti pọ̀ jù. Ti T4 nípọn tó mìlímítà 14, ti W202 jẹ́ 12. Bóòtì bọ́ọ̀sì kò lè gba ihò rímù Mẹ̀sí, làwọn kan bá gbé dírìlì. Ọ̀pọ̀ gbà pé bóòtì ló ń ru ìwúwo ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá fún un dáadáa, yóò nà díẹ̀, yóò sì fa rímù mọ́ ojú húbù pinpin. Bí irin méjèèjì ṣe lẹ̀ mọ́ra wọn yẹn ló ń ru ẹrù, òun náà ló ń gba agbára bírékì. Bí okùn tí a fi di àpò gàrí mọ́ orí ọkọ̀ ni: tó bá ti dẹ̀, sísanra rẹ̀ kò wúlò mọ́. Dírìlì ń ba ibi tí orí bóòtì ń jókòó sí jẹ́, ibẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí fífún náà dúró. Lẹ́yìn èyí, rímù á máa mì, bóòtì á máa gba ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìyípo, títí yóò fi sán tí yóò sì já, tòun tèrò nínú ọkọ̀.

Ẹ tún wá nọ́ńbà ET tí wọ́n tẹ̀ sára rímù, ìyẹn iye mìlímítà tó ń sọ bí táyà ṣe wọnú tó: bó bá ṣe kéré tó ni táyà ń yọ síta tó. Ti T4 sábà máa ń jẹ́ 55. Ti W202 lè jẹ́ 37. Táyà yóò yọ síta ní mìlímítà 18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíárìǹgì á tètè jẹ, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún ro ti ẹrù: táyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 91 sí kò lè gbà ju kílò 615 lọ. Ti bọ́ọ̀sì tó ní lẹ́tà C àti 104 ń gba 900. Rímù ọkọ̀ kékeré náà kò sì ṣe é gbára lé fún ẹrù bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, rímù T4 gan-an ni kí ẹ béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti ṣá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé dírìlì sún mọ́ ihò bóòtì yín, ẹ gba rímù yín lọ́wọ́ rẹ̀.