Kánfáàsì ìgboro: Ọ̀rọ̀ kọjá fáàrí o!

Ìgbà kan wà l'Ékòó tó jẹ́ pé ẹni tó bá wọ kánfáàsì lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní kò ka ọ̀gá rẹ̀ sí ni. Ẹ lọ dúró sí Ọ̀jọ́tà tàbí Òbáléńdé láàárọ̀ Fúráìdé báyìí, ẹ óò rí i pé nǹkan ti yí padà. Ọkùnrin wọ jíǹsì, obìnrin wọ gáwùn, kánfáàsì pẹlẹbẹ tí kò bo ọrùn ẹsẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn mìíràn gbé bàtà aláwọ sínú báàgì, ó di ọ́fíìsì kí wọ́n tó pààrọ̀.

Àwọn tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe irú bàtà yìí fún. Lọ́dún 1917 tí Converse gbé All Star jáde, gíga ló ga, ó bo ọrùn ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Chuck Taylor, agbábọ́ọ̀lù tó ń polówó rẹ̀ káàkiri, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ó di 1957 kí oníkúkúrú tó jáde. Ọrùn lọ, ìrọ̀rùn dé: ẹsẹ̀ ráyè yí, atẹ́gùn ń wọlé, kì í sì í pẹ́ wọ̀. (Ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ láìsí ìbọ̀sẹ̀, kó má ṣe bọ́ ọ nílé àna o!)

Ṣùgbọ́n ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé. Bàtà tó ti pẹ́ nínú páálí tàbí nínú kọ̀ǹtẹ́nà, gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè ti gbẹ. Ojú rẹ̀ á funfun báláú ní Yábàá tàbí Kàtángówà, lọ́jọ́ kẹta àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á la ẹnu bí ọ̀nì láàárín títì, níṣojú àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò fa etí rọ́bà náà wò. Ẹ ká a: níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀, kì í ṣe láàárín. Ẹ tẹ inú rẹ̀. Bó bá le bíi pákó, ẹni tó ń dúró ta ọjà láti àárọ̀ títí di alẹ́ kò gbọdọ̀ rà á, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀. Ẹ má sì gbọ́kàn lé nọ́ńbà nìkan: 8 ti ọkùnrin nílùú Ọba tóbi ju 8 ti Amẹ́ríkà lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ máa bá tiyín lọ.