Bí Ẹ́ńjìnnì Ṣe Ń Mí: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọlọ́kadà Wa

Bí ọlọ́kadà kan láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun bá ń gbèrò láti yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ alùpùpù rẹ̀ kí ó lè máa sáré bí ti onídìíje, ẹ bá wa sọ fún un pé kí ó dúró ná.

Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fà símú, tí písítìnì sì fún pọ̀, ni agbára rẹ̀. Lọ́dún 2009, òfin ìdíje Formula 1 fi òpin yíyí ẹ́ńjìnnì sí ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, fáàfù tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ń ṣí nígbà 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, tí fáàfù sì ń pẹ́ ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò bá sáré, kì í lágbára.

Èrò àti ẹrù ni ọ̀kadà ń gbé nínú eruku. Bí kò bá sí asẹ́, eruku yóò jẹ ríìngì àti sílíńdà. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì ń fún pọ̀ yóò máa jò, agbára yóò dínkù, owó oúnjẹ ọmọ yóò sì di owó mẹkáníìkì.

A rọ̀ yín: asẹ́ onífóòmù, ẹ fọ̀ ọ́, oníbébà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ wa yóò máa jẹ́ ire.